Lewis Terman: Ọkùnrin Tó Ń Ṣa Àwọn Ọmọ Olóye

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kí n fi kan etí òsì ni. Ọwọ́ mi kò dé etí. Bí wọ́n ṣe dá mi padà sílé nìyẹn, tí èmi àti ìyá mi sì jọ ń lọ sóko fún odidi ọdún kan sí i. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ewú ti ń yọ lórí yín yóò rántí ìdánwò yìí dáadáa. Òun ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá ń ka ìtàn Lewis Madison Terman, ará Amẹ́ríkà, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà tí a fi lè mọ ọmọ tó lóye jù nínú kíláàsì, kí a lè ṣà á sọ́tọ̀.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1877 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Indiana. Ọmọ àgbẹ̀ ni, òun sì ni ìkejìlá nínú ọmọ mẹ́rìnlá. Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin kan tó ń kiri ìwé tà yà sí ilé wọn. Ìwé tó ń tà ń kọ́ni bí a ti ń fi ìrísí agbárí mọ ìwà àti ọgbọ́n ènìyàn. Nígbà tó di alẹ́, tí wọ́n jókòó ti iná, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ ilé. Nígbà tó kan Lewis, ó ní ohun rere ń bẹ níwájú ọmọ yìí. Ẹ ò rí nǹkan? Etí ni wọ́n fi díwọ̀n tèmi, agbárí ni wọ́n fi díwọ̀n tirẹ̀. Tèmi dá mi padà, tirẹ̀ sì tì í síwájú.

Ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó ṣe tíṣà, ó di ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Clark ní ọdún 1905. Àwọn ọmọkùnrin méje tó mọ̀wé àti méje tí kò mọ̀wé ni ó fi wé ara wọn nínú iṣẹ́ tó fi gba oyè náà. Ikọ́ ife ló lé e wá sí California níbi tí oòrùn wà. Ní ọdún 1910, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford.

Ní Paris, Alfred Binet àti Théodore Simon ti gbé ìdánwò kan jáde ní ọdún 1905. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kí wọ́n lè mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún, kí wọ́n sì ràn wọ́n lọ́wọ́, ni wọ́n ṣe ṣe é. Binet kú ní ọdún 1911. Terman tún ìdánwò náà ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1916 pẹ̀lú orúkọ Stanford-Binet. Wọ́n á fi iye ọdún ọmọ pín iye ọdún tí òye rẹ̀ ti dé, wọ́n á sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ọmọ ọdún 10 tó bá ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún 14, 140 ni tirẹ̀. Ohun tí a fi ń wá ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ wá di ohun tí a fi ń wá ẹni tó yọrí.

Ní ọdún 1921, Terman rán àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sínú àwọn ilé-ìwé ìjọba ní àwọn ìlú ńlá California. Kò ṣeé ṣe láti dán gbogbo ọmọ wò, nítorí náà wọ́n ní kí àwọn tíṣà dárúkọ àwọn tó lóye jù nínú kíláàsì wọn, àti ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí. Ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí èsì dé, Terman rí i pé ẹni tó bá kàn ṣí rẹ́jísítà, tó mú ọmọ tó kéré jù lọ́jọ́ orí, lè bá ọmọ olóye pàdé ju ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tíṣà lọ! Ọmọ tó ti dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó ń dáhùn kíákíá, ni tíṣà ń rí. Terman kò fi èyí pamọ́, mo sì yìn ín fún un. Síbẹ̀ àṣà kí tíṣà máa dárúkọ kò kú. Ní ọdún 2005 ni àgbègbè Broward ní Florida tó bẹ̀rẹ̀ sí dán gbogbo ọmọ kíláàsì kejì wò láìdúró de ẹni tí yóò dárúkọ wọn, iye ọmọ tálákà àti ọmọ aláwọ̀ dúdú tó wọ kíláàsì àwọn olóye sì lọ sókè.

Àwọn ọmọ tí Terman ṣà lé ní 1,500. Àwọn ọmọ tirẹ̀ méjèèjì wà nínú wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú inú wọn kò tó márùn-ún. Kò yani lẹ́nu, nítorí pé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1916, ó kọ ọ́ pé àìlóye wọ́pọ̀ láàrin àwọn ará Mẹ́síkò, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn aláwọ̀ dúdú, pé ó jọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti wá, àti pé kíláàsì ọ̀tọ̀ ló yẹ àwọn ọmọ wọn. Mo ka ojú-ewé náà tán, mo pa ìwé dé, mo dìde lọ mu omi.

Ó tọ́jú àwọn tó ṣà bí ẹni tọ́jú ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sí wọn, ó ń bá wọn wá àyè ní yunifásítì. Púpọ̀ nínú wọn di dókítà, lọ́yà àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi àwọn ọkùnrin inú wọn tó rọ́wọ́ mú jù wé àwọn tí ayé wọn kò lọ déédéé, ó rí i pé máàkì òye wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ilé tí wọ́n ti jáde wá àti ìforítì wọn ló yàtọ̀.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel. Àwọn ọmọ méjì kan wà tí wọ́n dán wò, tí máàkì wọn kò tó, tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ: William Shockley àti Luis Alvarez. Alvarez gba Nobel ní ọdún 1968. Shockley ti gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1956, Terman sì kú ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn kan náà.

Shockley di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stanford ní ọdún 1963. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i tó fi bẹ̀rẹ̀ sí kéde káàkiri pé láti inú ìbí ni òye àwa aláwọ̀ dúdú ti kéré. Máàkì irú ìdánwò tó dá òun fúnra rẹ̀ padà ní kékeré ni ó sì fi ń ṣe ẹ̀rí.