Kota Rani, Ọmọ Balógun Tí Kò Sá

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí ti pẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Ní Kashmir, láàárín àwọn òkè Himalaya, ọba kan wà tó ń jẹ́ Suhadeva. Ramachandra ni balógun rẹ̀, Kota sì ni ọmọbìnrin Ramachandra. Lásìkò náà, àlejò méjì wá sá di ìlú wọn: Rinchan, ọmọ ìjòyè láti Ladakh, àti Shah Mir láti ìhà Swat. Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1320, jagunjagun kan, Dulucha, kó ogun ńlá wọ Kashmir. Ọba sá lọ. Dulucha sun ilé, ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, kó tó di pé òjò dídì pa òun àti àwọn tó kó lórí òkè bó ṣe ń padà lọ. Ramachandra bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlú tò láti odi Lar. Ṣùgbọ́n Rinchan tó ti jẹun rẹ̀ rán àwọn ọmọ ogun wọ inú odi náà bí oníṣòwò, wọ́n fi ohun ìjà pamọ́ sáàárín ọjà, wọ́n sì pa á. Rinchan gorí oyè, ó fi ọmọ ẹni tó pa ṣe aya.

Rinchan kú ní 1323, ó fi ọmọ kékeré kan, Haidar, sílẹ̀. Kota wá fẹ́ Udayanadeva, ìbátan ọba àtijọ́. Nígbà tí ogun mìíràn dé lábẹ́ Achala, ọba yìí náà sá. Kota ò sá ní tirẹ̀. Ó kó àwọn ìjòyè jọ, ó mú wọn lọ́kàn le, ewu náà sì kọjá.

Udayanadeva kú ní 1338, Kota fúnra rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Ó gbé Bhatta Bhikshana ga gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn. Inú Shah Mir ò dùn sí i. Ó díbọ́n pé òun ń ṣàìsàn. Nígbà tí Bhikshana wá kí i, ó pa á. Kota fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, àwọn tó yí i ká ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gbọ́ tiwọn. Kò pẹ́ tí Shah Mir fi ogun ká a mọ́ odi Andarkot. Ó fipá fẹ́ ẹ, ó sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní 1339. Ìdílé Shah Mir jọba títí di 1561.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ogun òde ò borí Kota. Ìwà ibi tí wọ́n ní kó gbójú fò nínú ilé ló borí rẹ̀. Ẹ̀yin tí a fi ṣe olórí lónìí, bí àwọn ẹlòmíràn bá sá, ẹ dúró bíi Kota. Bí ẹ bá sì rí ibi nítòsí, ẹ má ṣe dákẹ́ torí pé ẹni mímọ̀ ló ṣe é.