SUSANNA WESLEY: ÌYÁ TÍ KÒ FI ẸNU AYÉ ṢE ÒṢÙWỌ̀N



Bí a bá dárúkọ Susanna Wesley láàárín àwa ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé òun ni ìyá John àti Charles. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní ìtàn tirẹ̀ kí ayé tó gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Apá tí a fẹ́ mú nínú ìtàn náà ni bí ó ṣe mọ ara rẹ̀, tí ó ń ṣe ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ sọ fún un, tí kò sì dúró de ìyìn ènìyàn. A mú un nítorí pé ìbẹ̀rù ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ ti sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ẹrú.

Ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1669 ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Òun ni ọmọ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n baba rẹ̀, Samuel Annesley. Baba yìí wà lára àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n pàdánù ìjọ wọn ní 1662 nítorí pé wọn kò lè fara mọ́ gbogbo ìlànà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí Susanna tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀, ó sì padà sínú ìjọ tí baba rẹ̀ ti jáde kúrò. Láti kékeré ni ó ti mọ ìdí tí òun fi ń ṣe ohun tí òun ń ṣe.

Ní 1688, ó fẹ́ Samuel Wesley, tí ó wá di àlùfáà ní Epworth ní agbègbè Lincolnshire. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó bí. Mẹ́sàn-án nínú wọn kú ní kékeré. Ní 1702, ọkọ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe Àmín sí àdúrà tí òun ń gbà fún Ọba William. Ní ti Susanna, ìdílé ọba tí wọ́n lé kúrò lórí oyè ni ó ni adé. Ọkọ bínú, ó fi ilé sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Susanna kò ṣe Àmín ẹ̀tàn kí ọkọ lè padà. Nígbà tó yá, ọkọ wálé, wọ́n sì bí John ní 1703. A kò sọ èyí kí ìyàwó lè máa bá ọkọ jà. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni pé ahọ́n obìnrin yìí àti ọkàn rẹ̀ kò sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Gbèsè kò kúrò lọ́rùn ilé náà. Ní 1705, wọ́n ti ọkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Lincoln nítorí owó tí ó jẹ. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti York bi Susanna léèrè bóyá wọ́n ti ṣe aláìní oúnjẹ rí. Susanna kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, ká sọ òótọ́, kò sí ìgbà tí àwọn kò rí búrẹ́dì jẹ, ṣùgbọ́n wàhálà kí àwọn tó rí i, àti wàhálà kí àwọn tó san owó rẹ̀, ti máa ń jẹ́ kí ó korò lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Níwájú ẹni ńlá bẹ́ẹ̀, mélòó nínú wa ni kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́, kí a sì ní kò séwu? Ìyàwó àlùfáà ni, gbogbo ojú ń wò ó. Àwa a máa yá owó ra aṣọ ẹbí nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ wà nílẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé agbára wa kò ká a mọ́. Susanna mọ̀ pé àìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì fi ẹ̀wù iyì bò ó.

Ní oṣù kejì ọdún 1709, iná jó ilé wọn kanlẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti yọ John, ọmọ ọdún márùn-ún. Inú ilé tuntun tí wọ́n kọ́ ni ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ ti ṣẹlẹ̀.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1711 sí 1712, Samuel lọ sí ìpàdé àwọn àlùfáà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó fi ìjọ sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Inman. Ní àkókò yìí Susanna ka ìwé nípa àwọn míṣọ́nnárì tí ọba Denmark rán lọ sí Íńdíà, iná ọ̀rọ̀ náà sì ràn lọ́kàn rẹ̀. Ó ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ó ń kó àwọn ọmọ àti ọmọ ọ̀dọ̀ jọ sí ilé ìdáná, ó ń gbàdúrà, ó sì ń ka ìwé ìwàásù fún wọn. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan sọ fún àwọn òbí rẹ̀, àwọn náà wá. Aládùúgbò gbọ́. Kò pẹ́, wọ́n tó igba ènìyàn, àwọn mìíràn sì padà nítorí pé kò sí àyè ìdúró.

Ọ̀gbẹ́ni Inman kọ̀wé fi ẹjọ́ sun Samuel. Ni Samuel bá kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀: ohun tí ó ń ṣe ṣàjèjì lójú, obìnrin ni, ipò tí ọkọ rẹ̀ wà láwùjọ kò sì gbà á. Ẹ wò ó, ojú ayé ni ó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ náà.

Susanna fi ọ̀wọ̀ dáhùn. Ó ní ohunkóhun tí ó bá jẹ mọ́ ìgbàlà ọkàn yóò máa ṣàjèjì lójú ayé. Ó gbà pé obìnrin ni òun, ṣùgbọ́n bí baálé kò bá sí nílé, òun ni yóò jíyìn fún ọkàn tí Ọlọ́run fi sábẹ́ òrùlé náà. Ní ti pé kí ọkùnrin kan máa kàwé dípò òun, ó ní kò sí ẹni tí ó lè ka ìwàásù láì máa pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi hàn pé àwọn tí ń wá sí ilé ìsìn ti pọ̀ sí i, àwọn tí kò rìn mọ́ tẹ́lẹ̀ sì ti padà. Ó wá ní bí ọkọ òun bá fẹ́ kí òun dáwọ́ dúró, kí ó má wulẹ̀ sọ pé ó wu òun bẹ́ẹ̀. Kí ó pàṣẹ rẹ̀ gbangba, kí ẹ̀bi má baà wà lọ́rùn òun lọ́jọ́ ìdájọ́. Samuel kò pa àṣẹ náà.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Susanna kò gbéraga, ó sì ṣe tán láti gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n kò gbà kí ìtìjú lásán, tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìbáwí tí ó ní òótọ́ nínú àti ariwo ẹnu. Ẹni tí ó bá mọ ara rẹ̀ ni yóò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Samuel kú ní 1735. Susanna di opó tí ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ kan dé ọ̀dọ̀ ọmọ kejì, títí ó fi parí sí ọ̀dọ̀ John ní Foundery ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń rọ àgbá ogun tẹ́lẹ̀. Ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀ ní 1739. Bí ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe ń gbé ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún un, ó dá a lójú nínú ọkàn pé Ọlọ́run ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ òun ji òun nítorí Kristi. Ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà náà. Gbogbo ọdún iṣẹ́ àti ìfaradà wọ̀nyẹn, ìgbà náà ni ìsinmi ọkàn yìí tó dé. Kì í ṣe iṣẹ́ ni ó fi rà á, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ wa nìyí, ẹ̀yin ìyá. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ilé ayé kí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí a bá dúró de ìgbà tí ọkọ, àna, ẹgbẹ́ àti ìjọ yóò gbà pé a tó, a ó dúró pẹ́. Ọlọ́run ti gbà wá. Obìnrin tí èyí bá dá lójú kò ní máa fi aṣọ tọrọ iyì, kò sì ní bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí wọn kò fi í joyè.

Susanna sùn nínú Olúwa ní oṣù keje ọdún 1742, wọ́n sì sin ín sí Bunhill Fields. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé bí ẹ̀mí òun bá ti bọ́, orin ìyìn ni kí wọ́n kọ sí Ọlọ́run. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni ó lè sọ bẹ́ẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní irú ìbàlẹ̀ ọkàn yìí. Àmín.