AUGUSTE PICCARD: ONÍMỌ̀ Ẹ̀RỌ TÍ Ó WÁ ÌSÀLẸ̀ ÒKUN RÍ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí yóò bá omi ńlá ṣe gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n àti sùúrù ṣe é. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ yìí kò gbọ́ òwe náà rí, nítorí òyìnbó ni, ilẹ̀ tí kò ní etíkun kankan ni wọ́n sì bí i sí. Síbẹ̀, bí a bá wo iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe, àfi bí ẹni pé òwe náà ni ó ń tẹ̀ lé. Auguste Piccard ni orúkọ rẹ̀.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ní ọjọ́ 28 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1884 ni wọ́n bí Piccard ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland. Ìbejì ni. Jean Felix ni orúkọ èkejì rẹ̀. Jules Piccard, bàbá wọn, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní yunifásítì ìlú náà, nítorí náà ojú wọn ti mọ́ ìwé láti kékeré. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà ní Zurich ni àwọn méjèèjì lọ. Jean gba ọ̀nà kẹ́mísírì bí i ti bàbá wọn. Auguste ní tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa jẹnu ṣámúṣámú. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Zurich, Auguste ka ìwé kan nípa ìrìnàjò ọkọ̀ Valdivia, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì fi wá inú òkun kiri ní ọdún 1898 sí 1899. Àwọ̀n ni wọ́n ń jù sí ibú. Àwọn ẹja abàmì ń bá àwọ̀n jáde, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní iná lára, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ kú bí wọ́n bá ti dé òkè, iná ara wọn a sì kú pẹ̀lú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ń rò ó pé, kí ni ó dé tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kò fi lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àwọn ẹja wọ̀nyí níbi tí wọ́n ń gbé? Àbá yìí wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kò sì jáde mọ́. Ó lé ní ogójì ọdún kí ó tó rí i ṣe.

Ní ọdún 1922, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì ìlú Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ọdún yẹn kan náà ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jacques, tí a ó tún gbọ́ orúkọ rẹ̀ níwájú. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ọlọ́rùn gígùn ni Piccard. Ìrísí rẹ̀ ṣe àrà ọ̀tọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ayàwòrán Hergé fi wò ó ya ọ̀jọ̀gbọ́n inú ìtàn Tintin, àfi pé ó gé e kúrú. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn náà rí ti rí Piccard láìmọ̀.

ÒFÚRUFÚ NI Ó KỌ́KỌ́ LỌ

Ohun ìyanu ni pé ẹni tí ń ro ìsàlẹ̀ òkun, òkè ni ó kọ́kọ́ gbà lọ. Piccard ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ìtànṣán tí ń ti òde òfúrufú wá sí ayé, ó sì fẹ́ wọ̀n wọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gòkè tó bẹ́ẹ̀ kò ní í rí afẹ́fẹ́ mí, yóò sì kú. Níbí ni ó ti rántí àbá tí ó dá nípa òkun. Bí ènìyàn bá jókòó sínú yàrá irin tí a tì pa, tí ó sì gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dání, ìbáà lọ sókè, ìbáà lọ sísàlẹ̀, ààyè ni yóò wà.

Ó fi alumíníọ̀mù ṣe yàrá roboto kan tí fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà méjì, ó sì so ó mọ́ bàlúùnù ńlá, ìyẹn àpò aṣọ tí a fi gáàsì haidirójìn kún. Àjọ tí ń náwó sí ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù ni ó san owó rẹ̀. Ìkékúrú orúkọ àjọ náà, FNRS, ni ó fi sọ bàlúùnù náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1931, òun àti Paul Kipfer, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, gbéra láti Augsburg ní ilẹ̀ Jámánì. Wàhálà kò pẹ́ dé. Ihò kan wà lára yàrá náà, afẹ́fẹ́ wọn sì ń jò lọ. Piccard po fasilíìnì mọ́ fọ́nrán okùn, ó fi dí i. Wọ́n dé ibi gíga 15,781 mítà, níbi tí ènìyàn kankan kò tíì dé rí. Nígbà tí ó tó àkókò láti sọ̀, okùn tí wọn ì bá fà kí gáàsì lè jáde ti lọ́ pọ̀. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n dúró de ìrọ̀lẹ́, kí gáàsì náà tutù. Òùngbẹ gbẹ wọ́n débi pé wọ́n ń lá omi tí ó sẹ̀ sára ògiri irin. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú ni wọ́n tó bà sórí yìnyín òkè Gurgl, ní ilẹ̀ Austria, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé wọ́n ti kú.

Ní ọdún 1932, ó tún gòkè lọ pẹ̀lú Max Cosyns, wọ́n sì kọjá 16,000 mítà. Ìbejì rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn: ní ọdún 1934, Jean àti Jeannette aya rẹ̀ fi irú bàlúùnù bẹ́ẹ̀ gòkè ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

BÍ Ẹ̀RỌ INÚ OMI NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Lẹ́yìn èyí ni ọkàn rẹ̀ padà sí òkun. Ní ọdún 1934, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì kan, William Beebe àti Otis Barton, ti wọ inú irin roboto kan dé 923 mítà nísàlẹ̀ òkun. Ṣùgbọ́n okùn irin ni a fi so irin náà rọ̀ sára ọkọ̀ òkè. Bí okùn náà bá ṣe ń gùn sí i ni ó ń wúwo sí i, bí ó bá sì já, ó parí nìyẹn. Piccard kò fẹ́ okùn. Ohun tí ó fẹ́ ni ẹ̀rọ tí yóò dá lọ, tí yóò sì dá bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo agbára omi ná. Bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ní mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá, bí ìwúwo kílò kan ni ó ń gorí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ní 3,000 mítà, èékánná kan ń ru 300 kílò. Irin tí yóò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, irin tí ó sì nípọn bẹ́ẹ̀ kò lè léfòó. Báwo ni yóò ṣe padà wá sókè?

Bàlúùnù ni Piccard fi dáhùn. Ní òkè, gáàsì tí ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ ni ó gbé yàrá rẹ̀. Nínú omi, ohun tí ó fúyẹ́ ju omi lọ ni yóò gbé e, ohun náà sì ni bẹntiróòlù, tí ń léfòó gẹ́gẹ́ bí epo pupa ti ń léfòó lórí omi ọbẹ̀. Kò lo afẹ́fẹ́, nítorí omi yóò tẹ afẹ́fẹ́ rún. Bẹntiróòlù kì í sún kì púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe àgbá ńlá kan fún un, ó sì ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí omi òkun lè máa wọlé. Bí òkun ti ń tẹ àgbá náà láti òde ni ó ń tẹ̀ ẹ́ láti inú, nítorí náà irin pẹlẹbẹ tó fún un. Yàrá tí ènìyàn wà nìkan ni ó ní láti nípọn. Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ike tí ó mọ́ gaara bíi dígí, tí a gbẹ́ bí àrọ: ó gbòòrò níta, ó kéré nínú. Bí òkun bá ṣe ń tì í tó ni ó ń há sí ojú ihò tó.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n ọkùnrin yìí ti hàn jù lọ ni ọ̀nà àbọ̀. Ọta irin wẹ́wẹ́ ni ó fi ń fa ẹ̀rọ náà sísàlẹ̀. Bí a bá dà wọ́n nù, ẹ̀rọ a fúyẹ́, a sì gòkè. Irin òòfà tí ń lo iná mànàmáná ni ó fi di àwọn ọta náà mú. Bí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bá pa iná, ọta yóò dà. Bí bátìrì bá kú, ọta yóò dà bákan náà. Ìyẹn ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ìbàjẹ́ náà ni yóò gbé wọn padà sókè. Ó ko ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ó pe ẹ̀rọ náà ní bathyscaphe, ìyẹn ọkọ̀ ibú.

ÌJÁKULẸ̀ NÍ APÁ Ọ̀DỌ̀ WA

Ọdún 1937 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ogun àgbáyé kejì sì dá a dúró. Ní ọdún 1948, ẹ̀rọ àkọ́kọ́, FNRS-2, ṣe tán. Òkun Àtìláńtíìkì yìí kan náà, tí ń fọ ẹsẹ̀ Èkó, ni wọ́n gbé e wá, wọ́n gba Dakar lọ sí erékùṣù Cape Verde. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, Piccard àti Théodore Monod, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tí ń darí ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ilẹ̀ Áfíríkà ní Dakar, sọ̀ dé mítà 25 péré nítòsí Boa Vista. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá, wọ́n rán ẹ̀rọ náà lọ láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Ó lọ dé 1,380 mítà, ó sì dá padà bọ̀.

Yàrá irin kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun kọlu àgbá bẹntiróòlù, ó sì ya irin pẹlẹbẹ rẹ̀. Wọn kò lè lò ó mọ́. Owó púpọ̀ ti lọ, àwọn ènìyàn sì sọ pé ìjákulẹ̀ ni. Nígbà tí ó yá, wọ́n fa iṣẹ́ náà lé àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ ní Toulon, kí wọ́n lè fi yàrá irin náà ṣe ẹ̀rọ tuntun, FNRS-3. Piccard di olùdámọ̀ràn níbi iṣẹ́ tí ó jẹ́ àbá tirẹ̀. Àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rin ọdún ì bá ti padà sílé lọ sinmi.

TRIESTE

Jacques ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni Jacques kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó wá owó àti àwọn oníṣẹ́ rí fún bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì. Ìlú Trieste ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì fi orúkọ ìlú náà sọ ẹ̀rọ tuntun. Terni ni wọ́n ti rọ yàrá irin rẹ̀, Monfalcone ni wọ́n ti ṣe àgbá rẹ̀. Àwọn àléébù FNRS-2 ni Piccard mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tún wọn ṣe. Ó ṣe àgbá tí ó lágbára tó láti dojú kọ ìgbì. Ó la ọ̀nà gba àárín àgbá náà kọjá, kí ènìyàn lè wọ yàrá nígbà tí ẹ̀rọ ti wà lórí omi.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1953, nítòsí erékùṣù Ponza, bàbá ẹni ọdún 69 àti ọmọ ẹni ọdún 31 wọ inú yàrá kan náà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ̀ dé 3,150 mítà, wọ́n sì rì sínú ẹrọ̀fọ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Kò sí ọkọ̀ kankan láyé nígbà náà tí ì bá lè wá gbà wọ́n níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò ju irin òòfà yẹn lọ. Wọ́n pa iná rẹ̀, ọta irin dà, ẹ̀rọ fa ara rẹ̀ yọ, ó sì ń gòkè bọ̀.

Lóòótọ́, ní oṣù kejì ọdún 1954, Georges Houot àti Pierre Willm, àwọn ará Faransé, fi FNRS-3 dé 4,050 mítà ní òkun Dakar, wọ́n sì borí ohun tí Piccard ṣe. Ṣùgbọ́n yàrá irin tí wọ́n jókòó sí, yàrá Piccard ni.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ṣì wà láàyè tí ọmọ rẹ̀ ti ń so. Ní ọdún 1958, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ra Trieste, wọ́n sì fi yàrá tí ó nípọn jù ti àkọ́kọ́ sí i. Ní ọjọ́ 23 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960, Jacques àti ọ̀gágun Don Walsh fi í dé Challenger Deep ní òkun Pàsífíìkì, ibi tí ó jìn jù lọ nínú gbogbo òkun ayé, ní nǹkan bí 10,900 mítà. Ó gbà wọ́n ní wákàtí márùn-ún ó dín díẹ̀ láti débẹ̀. Ike fèrèsé òde kan sán lójú ọ̀nà, síbẹ̀ wọ́n lo ogún ìṣẹ́jú nísàlẹ̀, wọ́n sì bọ̀ láyọ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Auguste Piccard pé ọdún 76.

Ó kú ní Lausanne ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1962. Ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, Trieste ni wọ́n fi wá àfọ́kù Thresher, ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó rì, wọ́n sì rí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí fà yọ. Èkínní ni pé Piccard kò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bí ẹ̀rọ òun yóò ṣe lọ. Bí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe bọ̀ ni ó kọ́kọ́ yanjú. Èkejì ni pé kò rán ọmọ ẹlòmíràn lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè dé. Nígbà tí ó fẹ́ mú èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ ènìyàn dání lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó mú, ó sì jókòó tì í. Bí àwa náà bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ wa dára, kí a bi ara wa bóyá a lè mú ọmọ wa wọ inú rẹ̀, kí a sì ti ilẹ̀kùn.