Gunpei Yokoi: Orí Kí ni Géèmù Rẹ̀ Wà?

Ẹni tó bá ti tẹ bọ́tìnì onírísí àgbélébùú tó máa ń wà ní apá òsì ẹ̀rọ géèmù ti fọwọ́ kan iṣẹ́ Gunpei Yokoi, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ti kú láti ọdún 1997. Ohun tó gbé mi dé ìdí ìtàn rẹ̀ ni àkójọ géèmù àtijọ́ tí àwa mélòó kan ń ṣe ní èdè Yorùbá: orúkọ géèmù, ọdún tó jáde, àwọn tó ṣe é, àti ohun tó wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á, yálà káséètì, dísíìkì tàbí síídì. Àyè ìkẹyìn yẹn ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀, Yokoi ni mo ń bá níbẹ̀.

Ìlú Kyoto ní Jàpáànù ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Doshisha nílùú kan náà, ó sì wọ ilé-iṣẹ́ Nintendo ní ọdún 1965. Ẹ má rò pé géèmù ni Nintendo ń ṣe nígbà náà o. Káàdì ni wọ́n ń tẹ̀, láti ọdún 1889 ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́: hanafuda, káàdì kéékèèké tí wọ́n ya òdòdó sí, tí àwọn ará Jàpáànù máa ń ta bí àwa náà ṣe ń ta wọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti yunifásítì dé yìí ni kí ó máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣe káàdì. Bí ẹ̀rọ kò bá bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ a dilẹ̀.

Níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dilẹ̀ ló ti fi ṣe ọwọ́ gígùn kan tó ń nà tó sì ń súnkì, tí èèyàn lè fi mú ohun tó jìnnà sí i. Hiroshi Yamauchi, ọ̀gá àgbà Nintendo, rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Dípò kí ó bá a wí, ó ní kí ó sọ ọ́ di ohun títà. Ní ọdún 1966, nǹkan ìṣeré náà jáde pẹ̀lú orúkọ Ultra Hand, ó sì tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Láti ìgbà náà ni Yokoi ti di ẹni tó ń ronú nǹkan ìṣeré fún wọn. Ọ̀kan tí mo fẹ́ràn jù ni Love Tester ti ọdún 1969, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ní ó ń wọn ìfẹ́ tó wà láàárín èèyàn méjì. Iná mànàmáná díẹ̀ tó ń gba ara wọn kọjá ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ní láti di ọwọ́ ara wọn mú kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n wà níbẹ̀!

Wọ́n sọ pé inú ọkọ̀ ojú irin ló wà lọ́jọ́ kan tó rí òṣìṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ṣeré kí ìrìn àjò má bàa sú u. Nígbà yẹn, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò ní Jàpáànù ti bá ara wọn du ọjà títí owó ojú ẹ̀rọ náà àti ọpọlọ rẹ̀ fi já wálẹ̀ pátápátá. Ìlànà tí Yokoi tẹ̀ lé jálẹ̀ ayé rẹ̀ nìyí: kí a mú ohun tó ti gbó lójú àwọn onímọ̀, tó ti pọ̀ lọ́jà, tí gbogbo àbùkù rẹ̀ ti hàn, kí a fi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi í ṣe rí. Ní ọdún 1980, Game & Watch àkọ́kọ́ jáde, orúkọ rẹ̀ ni Ball: géèmù kan, aago kan, inú àpò ni èèyàn lè kì í bọ̀.

Níbí ni iṣẹ́ mi ti le. Gbogbo àwòrán tó wà nínú Ball ni wọ́n ti yà sínú gíláàsì ojú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́: ọwọ́ ní apá ọ̀tún, ọwọ́ ní apá òsì, bọ́ọ̀lù ní gbogbo ibi tó lè dé. Iná kàn ń mú èyí hàn, ó ń pa èyí rẹ́ ni. A kò lè yọ géèmù náà kúrò nínú ẹ̀rọ, bí a kò ṣe lè yọ òǹkà kúrò lójú aago. Ẹni tó bá fẹ́ géèmù mìíràn, ẹ̀rọ mìíràn ni yóò rà. Kí wá ni kí n kọ sí àyè náà? Àwọn kan nínú wa ní kí n fi sílẹ̀ lófìfo. N kò gbà. Nínú àkójọ wa, òfìfo túmọ̀ sí pé a kò tíì wádìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá ń fi káséètì àti dísíìkì wá géèmù kò ní rí Game & Watch ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 43. Ìdajì ayé ọkùnrin yìí yóò ti bọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi Brick Game ṣeré ní kékeré mọ ohun tí mò ń sọ. Irú ojú ẹ̀rọ yẹn náà ni, kò sì sí ihò káséètì lára rẹ̀.

Bọ́tìnì onírísí àgbélébùú dé ní ọdún 1982, lára Game & Watch tó gbé Donkey Kong wá sínú àpò. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pá ìdarí kò lè wọ inú àpò, ó sì máa ń kán. Gbogbo ayé ló gba bọ́tìnì náà.

Ní ọdún 1983, Nintendo gbé Famicom jáde, èyí tí Masayuki Uemura ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀, káséètì ni wọ́n sì ń kì bọ̀ ọ́. (Bí ẹnì kan bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé káséètì orin nìkan ni káséètì, ẹ sọ fún un pé orúkọ yìí gan-an ni àwọn ará Jàpáànù ń pè é.) Nígbà tó di ọdún 1986, wọ́n fi ẹ̀rọ dísíìkì kún un. Dísíìkì kò wọ́n, ó gba ohun tó pọ̀ ju ti káséètì ìgbà náà lọ, a sì lè kọ nǹkan sórí rẹ̀. 500 yen péré ni èèyàn fi ń gba géèmù mìíràn sórí dísíìkì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Orí dísíìkì yìí ni Metroid, tí ẹ̀ka Yokoi ṣe, kọ́kọ́ wà, ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ṣùgbọ́n wọn kò ta ẹ̀rọ dísíìkì náà ní Amẹ́ríkà rárá. Nígbà tí Metroid máa dé ọ̀hún ní ọdún 1987, káséètì ló bá dé, kò sì sí ibi tí a lè kọ nǹkan sí nínú káséètì náà. Ọmọ Jàpáànù tó pa ẹ̀rọ lálẹ́ á bá ibi tó dé lórí dísíìkì lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Amẹ́ríkà á wá bírò àti ìwé, á da ọ̀rọ̀ ìṣínà oní-lẹ́tà 24 kọ, á sì máa gbàdúrà pé kí òun má ṣi ẹyọ kan kọ. Orúkọ kan ni géèmù méjèèjì ń jẹ́. Ìlà méjì ni mo fún wọn nínú àkójọ wa, mi ò sì rò pé ó pọ̀ jù.

Game Boy ni gbogbo yín mọ̀, ọdún 1989 ló jáde. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀, iná kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Lynx ti Atari àti Game Gear ti Sega ní àwọ̀ tó ń dán, ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni wọ́n ń jẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Mẹ́rin ni Game Boy ń lò, ó sì lè lo wákàtí 15. N kò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Satoru Okada, tó bá Yokoi ṣiṣẹ́, sọ lẹ́yìn náà pé Yokoi ń wo Game Boy bí àbúrò Game & Watch, ohun ìṣeré tí kò ní pẹ́ lọ́jà, pé òun ni òun tẹnu mọ́ ọn pé kí ó jẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára tí géèmù tuntun á máa jáde fún. Mo gba Okada gbọ́, nítorí ó bá ìwà Yokoi mu. Bí a bá ka Game Boy Color mọ́ ọn, èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 118.

Virtual Boy tẹ̀ lé e ní ọdún 1995, pupa àti dúdú nìkan ni ojú rẹ̀, géèmù 22 ni gbogbo ohun tó jáde fún un, kò sì tà tó mílíọ̀nù kan. Káséètì ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò lè wọ ẹ̀rọ mìíràn, nítorí náà káséètì Virtual Boy ni mo ń kọ, kì í ṣe káséètì lásán. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1996, Yokoi fi Nintendo sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 31. Ọ̀pọ̀ ló so ó mọ́ ìṣubú Virtual Boy. Òun alára ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Koto, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ alágbèéká kan fún Bandai. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kọlu ọkọ̀ mìíràn ní ọ̀nà márosẹ̀ Hokuriku. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti wo ohun tó bàjẹ́, ọkọ̀ mìíràn sì gbá a. Ẹni ọdún 56 ni.

Bandai gbé ẹ̀rọ náà jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1999, WonderSwan ni wọ́n pè é. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń lò. Lára àwọn géèmù tó kọ́kọ́ bá a jáde ni ọ̀kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, Gunpey, lórí káséètì WonderSwan.