Damien ti Molokai: Ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú àwọn adẹ́tẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, ní ọdún Júbílì tí ìjọ wa ń dúpẹ́ oore lọ́wọ́ Ọlọ́run yìí, ó tọ́ kí a rántí àwọn tí wọ́n ti sá eré ìje ìgbàgbọ́ ṣáájú wa. Àwọn baba wa a máa wí pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ẹni tí ó fi ọ̀ràn ńlá sílẹ̀ tí ó ń lé kékeré ni òwe náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí a bá rò ó jinlẹ̀, a ti fi ẹ̀tẹ̀ gan-an sílẹ̀ rí, a sì fi adẹ́tẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò fi í sílẹ̀.

Jozef de Veuster ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1840 ni wọ́n bí i ní abúlé Tremelo, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíìkì; òun sì ni ọmọ keje. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, a sì máa ṣòwò ọkà. Nítorí pé ọmọ náà lágbára, baba rẹ̀ ti fi ọkàn sí i pé òun ni yóò di òwò ilé mú, ó sì rán an lọ kọ́ èdè Fáráńsé nítorí rẹ̀. Àmọ́ ní ọdún 1859, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn Ọkàn Mímọ́ Jésù àti Màríà ní ìlú Leuven, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pamphile, ti wà ṣáájú. Níbẹ̀ ni ó ti gba orúkọ Damien. Àwọn ọ̀gá kò kọ́kọ́ kà á kún ẹni tí ó lè di àlùfáà, nítorí pé ìwé rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ ní èdè Látìn díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi rí i pé ó lè ṣe é.

Ní ọdún 1863, Pamphile ni wọ́n yàn láti lọ wàásù ní àwọn erékùṣù Hawaii, láàárín òkun Pàsífíìkì. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó lọ, àìsàn dè é mọ́lẹ̀. Damien, tí kò tíì gba oyè àlùfáà, kọ̀wé tààrà sí ọ̀gá àgbà ní Paris pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ dípò ẹ̀gbọ́n òun. Kò bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tí ó wà lórí rẹ̀ ní Leuven, ṣùgbọ́n Paris gbà fún un. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1864, ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́, ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Honolulu. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ni ó di àlùfáà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ṣiṣẹ́ ní Puna àti Kohala. Ó kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ilé ìsìn.

Ní àkókò náà, ẹ̀tẹ̀ ti tàn kálẹ̀ ní Hawaii, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ní ọdún 1865, ìjọba Ọba Kamehameha V ṣòfin pé kí a ya àwọn adẹ́tẹ̀ sọ́tọ̀. Láti ọdún 1866 ni wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Kalaupapa, ní erékùṣù Molokai. Òkun yí ibẹ̀ ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Ní ọ̀nà kẹrin, òkè gàgàrà dúró bí ògiri. Ọkọ ń fi aya sílẹ̀, ìyá ń fi ọmọ sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì lọ kì í sábà padà. Ìjọba ń fi oúnjẹ àti aṣọ ránṣẹ́, kò tó. Alágbára ń gba ti aláìlera, ọ̀pọ̀ sì ń kú láìsí ẹni tí yóò sin wọ́n dáadáa.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1873, Bíṣọ́ọ̀bù Maigret bá àwọn àlùfáà rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ó mọ̀ pé ikú lè wà nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Àlùfáà mẹ́rin ni ó fa ara wọn kalẹ̀ pé àwọn yóò máa lọ ní ìpín-ìpín. Damien ni ó kọ́kọ́ lọ. Ó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ní ẹni ọdún 33. Abẹ́ igi ni ó sùn ní àwọn òru àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró pátápátá.

Kí ni ó ṣe níbẹ̀? Ó ń wọ ahéré kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wẹ ọgbẹ́, ó ń dì í. Ó bá wọn kọ́ ilé, ó fa omi wá sí àdúgbò wọn, ó kó àwọn ọmọ òrukàn jọ, ó sì kọ́ wọn ní orin. Òun náà ni ó ń kan pósí, tí ó sì ń gbẹ́ sàárè. Ó ń bá wọn jẹun nínú àwo kan náà. Nígbà tí ó mú ilé ìsìn Filomẹ́nà Mímọ́ gbòòrò, ó dá ihò sí ilẹ̀ pákó rẹ̀, kí àwọn tí itọ́ ń dà lẹ́nu wọn má baà tìtorí ìtìjú sá fún Mísà. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni ó ti ń pe ara rẹ̀ mọ́ wọn nígbà tí ó bá ń wàásù: àwa adẹ́tẹ̀ ni ó máa ń wí, kì í ṣe ẹ̀yin adẹ́tẹ̀.

Ohun tí ó nira jù fún un kì í ṣe òórùn ọgbẹ́, bí kò ṣe ìdánìkanwà. Ní ìgbà kan, ọ̀gá rẹ̀ bá ọkọ̀ kọjá lójú omi Molokai. Damien tu ọkọ̀ kékeré lọ bá a kí ó lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ọkọ̀ náà kò jẹ́ kí ó gòkè. Láti inú ọkọ̀ kékeré náà ni ó ti gbé ohùn sókè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní èdè Fáráńsé, ó sì gba ìdáríjì. Ẹ̀yin ará, àwa tí a ní àlùfáà nítòsí tí a sì ń sún ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí a ro ìyẹn.

A kò ní parọ́ fún yín pé kò ní àléébù. Ó tètè máa ń bínú, orí rẹ̀ sì le. Òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe aáwọ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ti ara rẹ̀ ni ó ń jà, nítorí pákó, aṣọ àti oògùn fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1884, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹsẹ̀ náà bó, kò sì dùn ún. Ó mọ ohun tí ó dé. Kò kúrò níbẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó mọ̀ pé ọjọ́ kù díẹ̀. Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí i: Joseph Dutton ní ọdún 1886, àti Ìyá Marianne Cope pẹ̀lú àwọn Sístà rẹ̀ ní ọdún 1888. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1889, ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ó sùn nínú Olúwa, ní ẹni ọdún 49.

Ahọ́n ayé kò jẹ́ kí ó sinmi. Pásítọ̀ kan ní Honolulu kọ̀wé bà á jẹ́. Ẹni tí ó dìde gbèjà rẹ̀ ní ọdún 1890 ni Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ará Skọ́tílándì tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà. Ní ọdún 1936 ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Leuven. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì kà á mọ́ àwọn Alábùkún ní ọdún 1995, Póòpù Bẹ́nẹ́díìtì Kẹrìndínlógún sì kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2009. Òfin ìyàsọ́tọ̀ náà dópin ní Hawaii ní ọdún 1969, lẹ́yìn tí nǹkan bí 8,000 ènìyàn ti gba ibẹ̀ kọjá.

Lónìí, oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, ó sì ń wo ó sàn. Ṣùgbọ́n ṣé oògùn ti wà fún ọkàn tí ń yẹra fún ọmọnìkejì rẹ̀? Ní àdúgbò wa, ta ni a kì í fẹ́ jókòó tì ní ilé Ọlọ́run? Opó tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ni bí? Ẹni tí àrùn éèdì ń ṣe? Ọmọ tí ọgbẹ́ ti sọ di arọ? Júbílì wa kò ní parí sí orí oúnjẹ àti aṣọ ẹgbẹ́. Kí olúkúlùkù wa wá ẹnì kan, kí ó bẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì kọ́ láti sọ pé àwa níbi tí ó ti máa ń sọ pé àwọn.

Damien Mímọ́ ti Molokai, bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.