Alexander Fleming: Ọkùnrin tí ó rí penicillin, tí ó sì rí ewu tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1928, Alexander Fleming ti ìsinmi dé sí yàrá ìwádìí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Mary's, ní Paddington ní ìlú London. Kí ó tó lọ, ó ti kó àwọn àwo gíláàsì pẹlẹbẹ tí ó fi ń sin kòkòrò àrùn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Staphylococcus ni kòkòrò náà, èyí tí ń fa eéwo, tí ń mú kí ọgbẹ́ gbọyún, tí ó sì lè pani bí ó bá wọnú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀kan lára àwọn àwo náà, ohun kan tí ó dàbí òwú ti hù, irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti bu, staphylococcus tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì ti yọ́ dànù. Ẹlòmíràn ì bá da àwo náà nù. Ìdí tí Fleming kò fi dà á nù wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1881 ni wọ́n bí i ní oko Lochfield, nítòsí Darvel ní Scotland. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí baba rẹ̀ kú. Ní London, ó ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún ọdún mẹ́rin, kí ogún díẹ̀ tí ó kàn án tó fún un láǹfààní láti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Ó gboyè ní 1906. Ohun tí ó dá a dúró sí yàrá ìwádìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín: ọ̀gá ẹgbẹ́ ayìnbọn ilé ìwé náà kò fẹ́ kí ẹni tí ó mọ ìbọn yìn bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì bá a wáṣẹ́ lọ́dọ̀ Almroth Wright.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní Boulogne nílẹ̀ Faransé, ó rí àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn kò pa, tí ọyún inú ọgbẹ́ wá pa. Àwọn dókítà ń da oògùn líle sójú ọgbẹ́. Fleming fi hàn pé bí ọgbẹ́ bá jìn, àwọn oògùn náà ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń gbèjà ara ju bí wọ́n ti ń pa kòkòrò lọ.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń wá ohun tí yóò pa kòkòrò láìpa ẹni tí ó ni ara. Imú ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wò. Ní 1921, nígbà tí ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, ó fi ikun imú rẹ̀ sínú àwo, ó sì rí i pé ó ń yọ́ kòkòrò kan. Lysozyme ni wọ́n pe ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀; ó wà nínú omijé àti itọ́ pẹ̀lú. Àṣé kòkòrò tí kò léwu ni ó ń pa jù. Staphylococcus kò kà á sí, imú gan-an sì ni ilé tí ó fẹ́ràn: nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́ta ni ó ń gbé e kiri níbẹ̀ láìmọ̀, láìṣàìsàn.

Ẹni tí ó ti wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó ọdún mẹ́wàá kò lè ṣàì mọ ohun tí àwo 1928 ń sọ. Ó pe omi tí ń ti ara ohun náà jáde ní penicillin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe onímọ̀ kẹ́míkà, kò rí i yọ mọ́ gaara. Howard Florey, Ernst Chain, Norman Heatley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oxford ni wọ́n sọ ọ́ di oògùn. Ní 1941, wọ́n fún ọlọ́pàá kan tí àrùn ti ba ojú rẹ̀ kan jẹ́. Ara rẹ̀ ń yá. Wọ́n tilẹ̀ ń sẹ́ penicillin láti inú ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè tún un lò. Oògùn tán, ọkùnrin náà sì kú. Àwọn ìwé ìròyìn kó gbogbo ògo fún Fleming, èyí tí kò tọ́. Àmì ẹ̀yẹ Nobel ọdún 1945 ni ó dá Florey àti Chain mọ́ ọn.

Nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ ní Stockholm nígbà náà, ó pìtàn ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn, tí ó ra penicillin fúnra rẹ̀. Èyí tí ó lò kò tó láti pa kòkòrò tán, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ ọ bí a ti ń fara da oògùn. Ìyàwó rẹ̀ kó o, òtútù àyà mú un, penicillin kò ṣiṣẹ́, obìnrin náà kú. Láti Èkó dé Cotonou dé Accra, ta ni kò mọ irú ọkùnrin yìí, tí ń ra kápúsù mélòó kan lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, tí ń dá a dúró bí ara bá ti fúyẹ́?

Ìkìlọ̀ náà tètè ṣẹ, kòkòrò inú àwo rẹ̀ gan-an ni ó sì mú un ṣẹ. Ní ilé ìwòsàn Hammersmith, ní London kan náà, dókítà Mary Barber rí i ní 1948 pé ó lé ní ìdajì staphylococcus tí ó yẹ̀ wò tí kò gbọ́ penicillin mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ara wọn dá ṣáṣá ń gbé e nínú imú, wọ́n ń fọwọ́ gbé e láti ibùsùn dé ibùsùn.

Fleming kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1955. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe methicillin fún irú staphylococcus olóríkunkun bẹ́ẹ̀. Ní 1961, wọ́n kéde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ó ti borí ìyẹn náà. Òun ni wọ́n ń pè ní MRSA.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ máa ń yẹ imú aláìsàn wò kí iṣẹ́ abẹ ńlá tó wáyé. Bí wọ́n bá bá MRSA níbẹ̀, wọn a fi ìpara mupirocin sí ihò imú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, wọn a sì fún un ní ọṣẹ apakòkòrò tí yóò fi máa wẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí mìíràn ni ó ń pèsè mupirocin, bí ohun inú àwo Fleming ti pèsè penicillin. Ó máa ń lé MRSA lọ. Nígbà mìíràn, a tún padà, pàápàá bí ẹlòmíràn nínú ilé bá ń gbé e láìmọ̀. Wọ́n sì ti rí staphylococcus tí kò gbọ́ mupirocin náà mọ́.