Jane Drew: Obìnrin tó ya àwòrán ọgbà UI, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì di àríyànjiyàn ní Tema

Ẹ̀yin ọmọ Igbó-Ọrà àti Èrúwà tẹ́ ẹ ń lọ kàwé ní UI, ilé ìkàwé tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí, ọwọ́ obìnrin kan wà nínú rẹ̀. Jane Drew lorúkọ ẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀, Maxwell Fry, ló ya àwòrán ọgbà náà. Ṣé ẹ ti wo ògiri oníhò tó wà lára ilé yẹn dáadáa? Kì í ṣe oge lásán o. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, oòrùn ò sì ráyè jó ẹni tó jókòó ti ìwé.

Thornton Heath, nítòsí London, ni wọ́n ti bí i ní 1911. Nígbà tó kẹ́kọ̀ọ́ tán, àwọn ọ́fíìsì kan ò fẹ́ gba obìnrin. Ló bá dá tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà ogun Hitler, ó ní obìnrin nìkan lòun fẹ́ gbà síṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ní 1944, òun àti Fry wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti máa gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ètò ìlú.

Tema, ní Ghana, ni wàhálà wà. Ìjọba fẹ́ kọ́ èbúté sí ibi tí àwọn apẹja ń gbé, wọ́n wá ní kí Drew àti Fry ya àwòrán ibùgbé tuntun tí wọ́n máa kó wọn lọ, Tema Manhean. Wọ́n kọ́ ilé yí àgbàlá ká, bí agbo ilé tiwa. Àwọn ará Tema kọ̀ jálẹ̀. Ilẹ̀ baba wọn ni, ojúbọ wọn wà níbẹ̀. Ta ló máa kó òrìṣà bí ẹni kó ẹrù? Ọ̀rọ̀ náà fà títí di 1959 kí wọ́n tó kó lọ. Lójú tèmi, ìjọba ló lẹ̀bi jù, àmọ́ Drew náà kúkú gba iṣẹ́ ọ̀hún.

Láàárín 1951 sí 1954, ó bá Le Corbusier ṣiṣẹ́ ní Chandigarh, ìlú tuntun kan ní India. Ilé mẹ̀kúnnù ni Drew gbájú mọ́ níbẹ̀: títí kan ti ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tó kéré jù, yàrá méjì, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti omi ẹ̀rọ. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń bá a wí pé òyìnbó amúnisìn ló ṣiṣẹ́ fún ní Áfíríkà.

Fry kú ní 1987. Wọ́n fi oyè Dame dá Drew lọ́lá ní 1996, ọdún yẹn náà ló kú, lẹ́ni ọdún 85.